Ètò Ìtajà: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ Nígbà Àkọ́kọ́

Ètò ìtajà ni ìwé tí oníṣòwò fi ń sọ ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀, ìdí tí onítọ̀hún yóò fi rà á, iye tí yóò san, ibi tí yóò ti rí i, àti ọ̀nà tí ìròyìn ọjà náà yóò gbà dé etí rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ètò okòwò, tó máa ń kó ọ̀rọ̀ owó ìdókòwò, òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ pọ̀. Kì í sì í ṣe ìpolówó, nítorí ẹ̀ka kan péré ni ìpolówó jẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó láti kọ ọ́ ló máa ń sọ ọ́ di oríkì: wọ́n á yin ọjà náà, wọ́n á ní kò sí irú rẹ̀, wọ́n á wá fi èrè rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí parí rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ún kà, àmọ́ kò ṣe é fi ṣòwò. Èyí tó wúlò ni ìwé tí ọjà lè fi hàn láàárín oṣù mélòó kan pé òótọ́ ló wí tàbí pé ó ṣìnà, kí ẹni tó kọ ọ́ lè tún un ṣe kí owó ọwọ́ rẹ̀ tó tán.

Ẹ̀rí èyí ti wà nínú ìwé kan tí Neil McElroy kọ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1931, ní ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ní ìlú Cincinnati lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọṣẹ Camay ló ń polówó nígbà náà, ṣùgbọ́n Ivory, ọṣẹ ilé-iṣẹ́ kan náà, ló gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú-ìwé mẹ́ta ni ohun tó kọ. Ó fẹ́ kí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò máa mójú tó o. Iṣẹ́ ẹni náà ni láti yẹ iye ọjà tó jáde sí agbègbè kọ̀ọ̀kan wò. Níbi tí ọjà bá ti ń tà wàràwàrà, kí ó wádìí ohun tó ń mú un tà, kó lè lò ó níbòmíràn. Níbi tí kò bá ti tà, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn alágbàtà àti àwọn tó ń lo ọṣẹ náà. Ìgbà yẹn ni yóò tó kọ ètò, tí yóò gba àṣẹ owó lé e lórí, tí yóò sì tún padà lọ wò bóyá ètò náà ṣe ohun tí wọ́n retí. Ìwádìí ló ṣáájú, àyẹ̀wò ló kẹ́yìn, àárín méjèèjì ni ìwé fúnra rẹ̀ wà.

Ní 1960, E. Jerome McCarthy, olùkọ́ ìmọ̀ ìtajà kan ní Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ ìtajà sí ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń kọ́ni títí dòní: ọjà, iye owó, ibi títà àti ìpolówó. Àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ máa ń tò wọ́n bí ẹni pé ọgbọọgba ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọgbọọgba fún ẹni tó ń kọ ètò fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ìpolówó ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, òun ló sì yẹ kó kẹ́yìn. Wo àpẹẹrẹ kan: nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ìṣẹ́jú gbáko ni wọ́n fi ń ka owó ìpè. Ẹni tó sọ̀rọ̀ díẹ̀ tó sì pa fóònù san owó odindi ìṣẹ́jú. Ní oṣù Kẹjọ 2003, ilé-iṣẹ́ fóònù Glo wọ ọjà, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka owó tiwọn, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú sì ní láti tẹ̀ lé e. Ìpolówó Glo pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka owó ni wọ́n ti rí ohun tí ìpolówó náà ń sọ.

Ká ní ẹnìkan fẹ́ máa di gàrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá kílò kọ̀ọ̀kan. (Àfiṣàpẹẹrẹ ni gbogbo iye tó wà nínú ìpínrọ̀ yìí.) Gbólóhùn tó máa ń ba ètò rẹ̀ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni “gbogbo ènìyàn ló ń jẹ gàrí.” Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ẹ̀pà mu ún ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ń wo iye owó. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó ń wá èyí tó kan dáadáa tí kò ní yanrìn. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní London, àfi kí gàrí náà kọ́kọ́ kọjá òfin oúnjẹ ìlú òyìnbó kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ètò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, olówó kékeré kò sì lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bó bá mú òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, a jẹ́ pé yóò gba nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kó tó dé ibi àtẹ ṣọ́ọ̀bù ńlá, yóò sì ṣírò owó rẹ̀ báyìí: gàrí, ọ̀rá àti owó ọkọ̀ jẹ́ ₦1,100, ó ń tà á ní ₦1,500, èrè ₦400 ló wà lórí ọ̀rá kan. Bó bá wá kó ₦80,000 lé ìpolówó orí Facebook, 200 ọ̀rá ni ìpolówó náà gbọ́dọ̀ tà kí owó yẹn tó padà wálé, kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí yóò rí i pé àtúnrà ló yẹ kí òun máa lé, torí gàrí kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan láyé. Ohun tí yóò kọ sílẹ̀ ni pé láàárín oṣù mẹ́ta, oníbàárà 100 yóò rà á, 40 nínú wọn yóò sì padà wá. Lábẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ ohun tí yóò ṣe bí 10 péré bá padà: bóyá gàrí ni kò dára tó, bóyá owó ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò ní da owó sórí ìpolówó mọ́ títí yóò fi mọ èyí tó jẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn ìyá wa ta ọjà títí wọ́n fi kọ́lé, wọn ò kọ ètò kankan. Òótọ́ ni pé wọn ò kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní in. Wọ́n mọ ọjọ́ ọjà, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè tà láwìn fún, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ènì sí i. Èyí ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ẹnìkan náà ló ń rí oníbàárà, tó ń dá iye lé ọjà, tó sì ń tọ́jú owó. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́, tàbí tí a bá fẹ́ yá owó ní báńkì, ẹlòmíràn ò lè ka ohun tó wà nínú orí ẹni. Àwọn mìíràn á bi wá pé kí ni ìwé wúlò fún ní ìlú tí nǹkan ti ń yí padà lójú ẹsẹ̀, bíi ti 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí náírà sì já wálẹ̀. Ètò olójú-ìwé 60 ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹni tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrè òun jẹ́ ₦400 ló máa tètè mọ iye tí owó ọkọ̀ máa dé kí èrè náà tó wọmi.

Àtakò tó le jù ni ti Coca-Cola. Ilé-iṣẹ́ náà kò kánjú: nǹkan bí 200,000 ènìyàn ló tọ́ ohun mímu náà wò kí wọ́n tó yí bó ṣe ń dùn padà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1985, adùn tuntun náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn yàn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, inú ti ń bí àwọn oníbàárà: ìpè 1,500 ló ń wọlé sí ilé-iṣẹ́ náà lójúmọ́, níbi tí ó ti ń jẹ́ 400 tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, wọ́n kéde pé ti àtijọ́ ń padà bọ̀. Ṣé ètò kò wúlò nìyẹn? Ìbéèrè tí wọ́n béèrè ló dín. Wọ́n bi àwọn ènìyàn pé èwo ló dùn jù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n mú ti àtijọ́ kúrò lórí àtẹ, wọn ò sì wádìí ìyẹn tó. Òǹkà ńlá kò lè dípò ìbéèrè tó yẹ. Ẹni tó bi oníbàárà 10 pé kí ló mú wọn fi gàrí tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ti mọ ohun tó wúlò ju ẹni tó bi 1,000 pé ṣé wọ́n fẹ́ràn gàrí.

Ètò àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ojú-ìwé méjì lọ. Kí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó lè rà á sọ̀rọ̀, kí ó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó sì kọ ọjọ́ tí yóò padà wá yẹ ètò náà wò sí òkè ìwé náà gan-an.