Ẹ̀rí Eku Kò Tó: Lórí Ìdánwò Ínsúlínì Àgbémì

Aláìsàn àtọ̀gbẹ tí dókítà bá ti ní kó máa lo ínsúlínì, yálà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ni tàbí ní ọsibítù ìkọ́ni UNIOSUN ní Òṣogbo, abẹ́rẹ́ ni yóò máa gún lójoojúmọ́. Oògùn ọ̀hún fẹ́ ibi tútù, bẹ́ẹ̀ iná kì í dúró. Nígbà tí ìròyìn bá wá jáde pé àwọn onímọ̀ ti ṣe ínsúlínì tí a lè gbé mì, tí ṣúgà sì wálẹ̀ lára eku, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn a dùn. Èmi ń sọ pé, lórí oògùn tí yóò gba ẹnu wọlé, ẹ̀rí eku kò tó ohun tí a lè gbé ìrètí aláìsàn lé.

Purotéènì ni ínsúlínì. Bó bá dé àpòlúkù, omi kíkan ibẹ̀ àti àwọn èròjà tó ń da oúnjẹ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹran tàbí ẹ̀wà. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Ìwọ̀nba tó bá yè dé ìfun tún tóbi ju ohun tó lè tètè gba ara ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ara ajá ni Banting àti Best ti rí i ní Toronto, lọ́dún 1921, pé oje tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì ń mú ṣúgà wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fún ajá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Joe Gilchrist, dókítà tí òun fúnra rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, gbé oje náà mì. Kò ràn án lọ́wọ́. Oṣù Kíní 1922 ni abẹ́rẹ́ ran ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Leonard Thompson, lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n bi ajá ló dáhùn. Wọn kò bi í nípa ẹnu.

Ní àwọn yunifásítì wa, eku ló wọ́pọ̀ jù nínú ìwádìí àtọ̀gbẹ. Wọ́n á fi alloxan tàbí streptozotocin pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì, wọ́n á sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rọ oògùn sí i nínú. Eku kò wọ́n, kò gba àyè, ó sì ń bí kíákíá. Mi ò bá ẹni tó ń lò ó jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀. Apá ńlá lára àpòlúkù rẹ̀ kì í pèsè omi kíkan rárá, oúnjẹ kàn ń dúró níbẹ̀ ni. Kò ní àpò òróòro, nítorí náà òróòro ń ṣàn sínú ìfun rẹ̀ láìdúró de oúnjẹ. Kò lè bì. Ó ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Kápúsù tí ènìyàn ń gbé mì kò sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, débi tí a ó fi mọ ibi tí yóò ti là. Nígbà tí ṣúgà bá wálẹ̀ nínú irú ara bẹ́ẹ̀, ohun tí a mọ̀ kéré.

Àpòlúkù ẹlẹ́dẹ̀ súnmọ́ tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti dán kápúsù kan wò tí wọ́n kéde lọ́dún 2019: wọ́n wo bí ẹ̀yìn irú ahun kan ṣe ń jẹ́ kó lè dìde bó bá dojú dé, wọ́n sì ṣe kápúsù tó ń dìde dúró nínú àpòlúkù kó tó gún ínsúlínì sí i lára. Lára ajá ni wọ́n sì ti rí i pé àpòlúkù gan-an ni semaglutide àgbémì, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹsàn-án 2019, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń dé ẹ̀jẹ̀, àfi kí a sì fi omi díẹ̀ gbé e mì lórí ikùn òfìfo, kí a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó jẹun.

Àwọn kan lè ní ẹlẹ́dẹ̀ wọ́n, pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí ní Òṣogbo kò sì ní fẹ́ fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Kí a fi eku wá oògùn tó lè dára, kí àwọn yunifásítì sì para pọ̀ ní ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ṣe é, fún ìwọ̀nba èyí tó bá yege.

Àní ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá kò parí ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kíní 2023, ínsúlínì àgbémì ti ilé iṣẹ́ Oramed kò ṣiṣẹ́ ju oògùn òfìfo tí wọ́n fi ṣe àfiwé lọ nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe lára ènìyàn. Ohun tó kàn wá jù ni ti àjẹsára rotavirus, tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010, ó dènà ìgbẹ́ gbuuru líle tí kòkòrò rotavirus ń fà ní ìdá 76.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní South Africa, ṣùgbọ́n ìdá 49.4 péré ní Malawi. Oògùn kan náà ni. Ara àti àyíká àwọn ọmọ ló yàtọ̀. Ẹranko ilé ìwádìí ń jẹ oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́, kò sí aràn nínú rẹ̀, omi kànga kò kàn án.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti kópa nínú irú ìbéèrè yìí rí. David Morley, dókítà Wesley Guild tó ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, rí bí mísùsù ti ń pa wọ́n. Àwọn onímọ̀ kan ní Boston ti dán àjẹsára mísùsù tí wọ́n ṣe wò lára ọ̀bọ àti lára àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tó lè sọ bí yóò ti rí lára ọmọ tí oúnjẹ kò tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Samuel Katz, ọ̀kan lára wọn, gbé e wá sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dán an wò. Bí ínsúlínì àgbémì bá tún dé ìpele ènìyàn, kí Iléṣà àti Òṣogbo wà lára ibi ìdánwò rẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn aláìsàn, kí wọ́n sì kọ ohun tí aláìsàn jẹ àti wákàtí tó jẹ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye ṣúgà rẹ̀.