Ẹjọ́ Méjì nínú Fíìmù Kan: Àyẹ̀wò Murder! (1930)

Ní ọdún 1930, Alfred Hitchcock darí Murder! fún ilé-iṣẹ́ British International Pictures ní Elstree. Inú Enter Sir John, ìwé ìtàn tí Clemence Dane àti Helen Simpson jọ kọ, ni wọ́n ti yọ ọ́. Atọpinpin inú rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá: òṣèré orí ìtàgé tó lókìkí ni Sir John Menier, tí Herbert Marshall ṣe. Èrò àròkọ yìí ni pé ẹjọ́ méjì ló wà nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tún gbé yẹ̀ wò.

Wọ́n bá ọ̀dọ́mọbìnrin òṣèré kan, Diana Baring, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Sir John wà lára àwọn júrì méjìlá tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Títí di ọdún 1967, ohùn gbogbo júrì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan ní England. Ìdí nìyí tí àwọn yòókù fi fúngun mọ́ ọn títí tó fi gbà. Wọ́n dájọ́ ikú fún Diana. Láti ìgbà náà ni Sir John ti ń wá ọ̀nà láti tú ohun tí òun náà bá wọn dì.

Bó ti ń fá irùngbọ̀n nílé, a ń gbọ́ èrò ọkàn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì mì. Ní àkókò yẹn, kò rọrùn láti fi ohùn kún àwòrán lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yà á tán. Wọ́n ti gba ohùn Marshall sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn olórin sì wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń kọ orin Wagner tí rédíò inú ìtàn náà ń gbé jáde.

Apànìyàn náà ni Handel Fane, òṣèré tó máa ń wọṣọ obìnrin. Ó pànìyàn kí àṣírí má bàa tú pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú wà lára òun. Diana sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Sir John sọ pé ó fẹ́ràn Fane, ó ní kò lè ṣeé ṣe, ó sì fi ìran ọkùnrin náà ṣe ìdí. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi láìṣẹ̀ ló ń fi ìbí dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Àwọn onímọ̀ kan rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí tún bo ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin mọ́lẹ̀.

Esme Percy, òyìnbó, ló ṣe Fane. Ní ọdún yẹn kan náà, Paul Robeson ń ṣe Othello ní Savoy Theatre ní London. Nítorí náà, ìtàgé ìlú náà kò ṣàìmọ òṣèré dúdú.

Fane pokùn so níwájú èrò nínú eré sákọ́ọ̀sì, wọ́n sì dá Diana sílẹ̀. Òun àti Sir John ni a rí gbẹ̀yìn lórí ìtàgé, kí aṣọ tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n júrì kankan kò jókòó lórí ẹjọ́ kejì: ta ló sọ ìbí Fane di ohun tí ènìyàn lè pa ènìyàn nítorí rẹ̀?