Kò Rí I, Kò Dá A Mọ̀, Kò Lè Kà Á

"Ó ti kú." Ohun tí ayafọ́tò ìgbéyàwó sábà máa ń sọ nìyẹn bó bá gbé háàdì díráìfù rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣáṣá, ní Alímọ́ṣọ́, l'Ékòó. Èmi kò fẹ́ràn gbólóhùn yìí rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ikú ní, àìsàn díráìfù kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbà pé ó kú kì í wádìí mọ́.

Àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá náà kò ràn án lọ́wọ́ tó: ọ̀rọ̀-orúkọ la máa ń sáré wá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì ṣe olùkọ́ èdè lóore ńlá. Kọ̀ǹpútà náà gba orúkọ tirẹ̀, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Orúkọ náà dùn, àmọ́ oríkì kò ran ẹni tí díráìfù rẹ̀ sọnù lójú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni iṣẹ́ àtúnṣe ń fẹ́, a sì ní in.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́ ṣe ń bi ìyá oníbàárà: "Mà, ẹ má tíì sọ pé ó kú. Ṣé iná rẹ̀ ń tàn?" Bí iná kò bá tàn, kọ̀ǹpútà *kò rí i* ni. Ẹ pààrọ̀ okùn rẹ̀, ẹ tì í bọ ojú ihò mìíràn, ẹ gbé e dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá hàn nínú Disk Management ti Windows, tí kò sì hàn níbi tí fáìlì máa ń wà, ó lè jẹ́ pé *kò lórúkọ*: ẹ fún un ní lẹ́tà tí díráìfù mìíràn kò lò, ó parí.

Ìgbà mìíràn, kọ̀ǹpútà rí i ṣùgbọ́n *kò dá a mọ̀*, ó wá ní kí ẹ ṣe "initialize". Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "bẹ̀rẹ̀" ti ti oníbàárà sí kòtò. "Pa ààlà tuntun" ni mo fara mọ́, torí pé ààlà àtijọ́ ló fẹ́ kọ nǹkan mìíràn lé lórí. Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún onílẹ̀ ní Alímọ́ṣọ́?

Ẹ̀kẹta ni pé ó dá a mọ̀, *kò lè kà á*. Windows kì í dédé ka díráìfù tí Mac ti fi APFS, ìlànà ìtòfáìlì tirẹ̀, tò, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Síbẹ̀ ó lè ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa tètè tẹ bọ́tìnì yẹn bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ṣé kí n pa ohun inú rẹ̀ rẹ́?"

Etí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Háàdì díráìfù tí ara rẹ̀ dá máa ń kùn wùùù, àwo inú rẹ̀ sì ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń ṣe kọ́, kọ́, kọ́, apá tó ń ka àwo náà kò rí ibi tó ń wá mọ́. Bó bá wá ń ha, ó ti ń bó àwo náà nìyẹn, àwòrán yín sì wà nínú ohun tó ń bó. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá sójú kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo rí, mọ̀, kà, àti parẹ́. Ẹ̀yin oníbàárà, bí àwọn tó ń tún un ṣe bá ní àfi kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kò rí i ni, kò dá a mọ̀ ni, àbí kò lè kà á? Ẹ má gbà kí wọ́n tẹ nǹkan kan títí wọn yóò fi dáhùn.