Sòbìà, Ẹsẹ̀ àti Omi: Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Kan ní Ilẹ̀ Yorùbá

“Kí sòbìà tó degbò, olúgànńbe là á ké sí.” Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí etí Yorùbá. Àwọn àgbà a máa pa á ní ìpàdé ẹbí, àwọn olóṣèlú a máa fi í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn olùkọ́ a sì máa fi kọ́ ọmọ pé kí a tètè wá nǹkan ṣe sí ọ̀ràn kí ó tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń pa á lónìí kò fojú kan sòbìà rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè ya ewé olúgànńbe sọ́tọ̀ láàárín ewé mìíràn. Òwe náà ti kúrò lára ẹsẹ̀, ó ti di àkàwé lásán. Fún ẹni tí ń wá ìtàn ìṣègùn ilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí a dá a padà síbi tí ó ti wá, nítorí pé gbólóhùn kúkúrú yìí gbé ìmọ̀ tó péye dání: orúkọ àrùn, orúkọ oògùn, ipele méjì tí àrùn náà ń gbà, àti àkókò tí oògùn lè wúlò. Ohun kan ni kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn ibi tí sòbìà ti ń wá. Lórí ohun kan yẹn ni ìtàn ìtọ́jú sòbìà dá lé.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àrùn náà ni dracunculiasis. Aràn tí ń fà á ni Dracunculus medinensis. Ìlú Mẹ̀dínà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Látìn, àwọn òyìnbó sì tún pè é ní aràn Guinea nítorí pé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn oníṣòwò wọn ti bá a pàdé. Abo aràn yìí a máa gùn tó 60 sí 100 sẹ̀ǹtímítà, síbẹ̀ kò nípọn ju okùn tín-ín-rín lọ. Abẹ́ awọ ara ni ó ń rìn sí. Ó lè yọ ní ọwọ́, ní ọmú tàbí ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá ṣe, ara ẹsẹ̀ bí mẹ́sàn-án ni ó ń gbà jáde: ọrùn ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, ojúgun. Ìdí nìyí tí sòbìà fi jẹ́ àrùn ẹsẹ̀ lójú àwọn tí ó bá jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni ó ń gbà wọlé.

Ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nípa ẹsẹ̀ yìí pọ̀, ó sì dájú. Wọ́n mọ̀ pé ara a kọ́kọ́ máa yún ènìyàn, ibì kan á wú, á sì máa ta á bí ẹni pé iná ń jó o. Lẹ́yìn èyí ni yóò lé bí ara tí omi gbígbóná bó, yóò bẹ́, orí aràn funfun yóò sì yọjú. Wọ́n mọ̀ pé bí aláìsàn bá ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù, yóò rí ìtura díẹ̀. Wọ́n sì mọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, pé a kì í fi ipá fa sòbìà. Ńṣe ni wọ́n ń wé orí rẹ̀ mọ́ igi tín-ín-rín, tí wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi jáde tán. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí aràn bá já sínú ara, ẹsẹ̀ yóò wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò gbọyún, oríkèé sì lè gan pátápátá. Ìlànà igi yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ayé àtijọ́ ní Íjíbítì àti ilẹ̀ Páṣíà. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé òun ni ó bí ọ̀pá tí ejò wé mọ́ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó fi ṣe àmì iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tí ó dùn-ún gbọ́ ju bí ẹ̀rí rẹ̀ ti lágbára lọ. Èyí tí ó dájú ni pé nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ́jú sòbìà ní àwọn ọdún 1980, igi àti aṣọ mímọ́ náà ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú oògùn apakòkòrò lójú ọgbẹ́. Ní ti ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn kò rí ohun púpọ̀ kọ́ àwọn àgbà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ “degbò” inú òwe ti ní ìwúwo. Egbò kọ́ ni sòbìà; ohun tí ń tẹ̀lé e ni. Ihò tí aràn gbà jáde ni ìdọ̀tí ń gbà wọlé, ọgbẹ́ náà a sì kẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní fara mọ́ ìyàtọ̀ yìí. Ọgbẹ́ tí ó kẹ̀ ni ó sábà máa ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ pẹ́, òun náà sì ni tetanus lè gbà wọlé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò sọ pé olúgànńbe ń lé aràn kúrò nínú ara. Ohun tí ó sọ ni pé iṣẹ́ ewé náà ní ààlà, ààlà ọ̀hún sì ni ọjọ́ tí awọ bẹ́ tí egbò bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ka ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìgbàgbọ́ asán lásán kò tíì fara balẹ̀ kà á.

Ìyà tí sòbìà fi ń jẹ àwùjọ kò kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà pa ènìyàn. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá àti káàkiri ìlà-ọ̀dàn Yorùbá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń gbilẹ̀, nígbà tí odò bá gbẹ tí gbogbo ènìyàn bá kó ara wọn jọ sí ẹ̀bá ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó kù. Àsìkò yìí náà ni àgbẹ̀ ń kórè, tí ó ń ṣán oko fún ọdún tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ tí sòbìà bá mú lẹ́sẹ̀ lè jókòó sílé fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ kì í lè rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Ìyá tí kò lè dìde kò lè gbé ọmọ pọ̀n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Inú ilé kan náà sì ni ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lè ní in lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé omi kan náà ni wọ́n jọ mu.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé omi ni? Ẹni tí ó mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ lónìí kò ní rí nǹkan kan fún bí oṣù mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Nínú omi náà, kòkòrò tí ó kéré débi tí ojú fi ń fò ó ti gbé ọmọ aràn mì. Ènìyàn gbé kòkòrò mì, kòkòrò kú nínú ikùn, ọmọ aràn jáde, ó wọ inú ẹran ara, ó dàgbà, abo gùn, ó sì forí lé ìsàlẹ̀. Bí ó bá yọ lẹ́sẹ̀, tí aláìsàn sì ti ẹsẹ̀ bọ omi nítorí ìta tí ń ta á, aràn yóò tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi náà. Ìtura aláìsàn ni ó ń sọ ọ̀gọ̀dọ̀ ìlú di olóró fún ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Aleksei Fedchenko, ni ó kọ́kọ́ rí i ní Turkestan ní 1870 pé inú kòkòrò omi yìí ni ọmọ aràn ń gbé. Ṣáájú rẹ̀, àwọn dókítà òyìnbó náà ń méfò ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Ìbàràpá sọ fún àwọn olùwádìí pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń jáde, kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó sún wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ: aràn ń ti inú ara jáde, kò sì sí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó wọlé.

Jìgá lè ran òye yìí lọ́wọ́. Ó wọ ẹsẹ̀ bí sòbìà, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Láti Bràsíìlì ni ọkọ̀ ojú omi kan ti gbé e dé Ambriz ní Àńgólà ní 1872, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ tí Yorùbá ń pè é pàápàá fara jọ èyí tí àwọn òyìnbó ń pè é. Láti ìta ni jìgá ń wọ ẹsẹ̀, ní ojú ibi tí ó wọ̀ náà ni ó sì ń jókòó sí. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé inú iyanrìn àti erùpẹ̀ ni ó ti kó o, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́. Àárín ìgbà tí ó wọlé àti ìgbà tí ó ń dunni kò jìnnà. Ti sòbìà ló gba odidi ọdún kan, ọdún kan náà ni ó sì fi àrùn náà pamọ́ fún gbogbo ènìyàn.

Omi ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ ṣẹ́gun sòbìà, láìjẹ́ pé òun ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ìbàdàn ní ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ní 1942, ibi tí omi ẹ̀rọ bá sì dé ni àrùn náà ti ń lọ. Àwọn abúlé tí ó yí ìlú náà ká kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú wọn ni O. O. Kale ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1970. Ó dán àwọn oògùn bíi metronidazole wò. Irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ lè dín wíwú kù kí aràn sì rọrùn láti yọ, ṣùgbọ́n wọn kì í pa á. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń wo sòbìà, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà rẹ̀. Lójú ìtàn, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àrùn tí kò ní oògùn ni wọ́n lé kúrò ní Nàìjíríà.

Ìdèrè, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, wà lára àwọn ibi tí ọ̀nà náà ti kọ́kọ́ hàn. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní agbègbè yìí láti 1963, Ìgbóọrà sì ni ibùdó wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, William Brieger, Jayashree Ramakrishna, Joshua Adeniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn télọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rán asẹ́ aláṣọ ọ̀rá tí wọ́n ń ta bo ẹnu ìkòkò omi, tí àwọn ará ìlú tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìlera sì ń tà á ládùúgbò. Kòkòrò tí ó gbé ọmọ aràn kò lè gba ojú asẹ́ náà kọjá. Ẹni tí ó gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni sòbìà ti ń wá lè máà rí ìdí tí yóò fi sẹ́ omi, ṣùgbọ́n omi tí a sẹ́ mọ́ lójú, ìyẹn sì tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ láti ra asẹ́. Iṣẹ́ náà kò dúró de ìgbà tí ìgbàgbọ́ yóò yí padà.

Ní oṣù kẹta 1985, ìpàdé àpérò àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè lórí sòbìà wáyé ní Ìlọrin, níbi tí L. D. Edungbola ti yunifásítì ìlú náà ti ń ṣe ìwádìí àrùn yìí ní ẹkùn Kwara. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn káàkiri Nàìjíríà ní 1988, iye wọn lé ní 650,000. Ètò orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Carter Center, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé: asẹ́, kànga ẹ̀rọ, oògùn Abate tí ń pa kòkòrò inú ọ̀gọ̀dọ̀, àti àwọn olùṣọ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà dá sí i, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú.

Òfin tí ó le jù nínú ètò náà ni ti wákàtí 24. Olùṣọ́ gbọ́dọ̀ rí aláìsàn kí aràn tó yọ, tàbí láàárín wákàtí 24 tí ó yọ. Wọ́n á fọ ọgbẹ́, wọ́n á dì í, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kan omi. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé òwe àtijọ́ ni wọ́n tún pa ní èdè ìjọba. Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ aláìsàn ni olúgànńbe ń gbà là. Wákàtí 24 ń gba ọ̀gọ̀dọ̀ là, àwọn ẹlòmíràn tí yóò mu nínú rẹ̀ ni ó sì ń rò. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ aláìsàn wúwo: kí ó fi omi tútù, ìtura kan ṣoṣo tí kò náwó, du ẹsẹ̀ tí ń jó o, nítorí àwọn tí àrùn kò ní mú ní ọdún tí ń bọ̀, tí wọn kò sì ní mọ̀ láé pé ẹnì kan jìyà fún wọn. Ìròyìn ètò náà kún fún orúkọ àwọn olórí àti àwọn àjọ. Àwọn tí ó fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn kúrò lẹ́nu omi ni ó yẹ kí onítàn wá kiri, nígbà tí díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láyé.

Ní 2008, ènìyàn 38 péré ni wọ́n rí ní gbogbo Nàìjíríà. Ti ìkẹyìn yọ ní oṣù kọkànlá ọdún náà ní ìpínlẹ̀ Enugu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá 2013 pé àrùn náà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀bùn owó wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ìròyìn sòbìà wá. Bí ìròyìn ẹsẹ̀ tí ó wú bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a lọ wò ó, wọ́n a bèèrè ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti ń dùn ún, lẹ́yìn náà wọ́n a bèèrè ibi tí onítọ̀hún wà ní ọdún tí ó kọjá, àti irú omi tí ó mu níbẹ̀.