Láti Orí Agbada Dé Orí Àwo Oníná

Bí a bá sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá pé irinṣẹ́ ìdáná kan wà tí ó jẹ́ àwo irin pẹrẹsẹ, tí a ń gbé ka orí tábìlì nínú ilé, tí iná mànàmáná ń mú gbóná láìsí igi, láìsí èédú, láìsí kẹrosíìnì, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé nǹkan òyìnbó ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó wá yé mi pé iná abẹ́ àwo náà nìkan ni ó jẹ́ tuntun. Àwo fúnra rẹ̀ ti wà nínú ilé ìyá mi kí n tó dáyé. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti tọpa ìtàn rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ó ti wá, ìyà tí ó lè mú kúrò lọ́rùn àwọn ìyá wa, àti ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yẹ̀ wò kí ó tó náwó.

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí a bi èdè wa léèrè. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ gbogbo ohun tí iná ń ṣe fún oúnjẹ. A ń se ẹ̀wà, a ń bọ ẹran, a ń dín àkàrà, a ń sun iṣu, a sì ń yan gààrí. Sísè àti bíbọ̀ ń fẹ́ omi. Dídín ń fẹ́ epo tàbí òróró tí ó pọ̀ tó. Sísun ń fẹ́ kí ẹyin iná fi ojú kan oúnjẹ. Lóòótọ́, a tún máa ń sọ pé a yan ẹja lórí èéfín, ṣùgbọ́n ti gààrí ni ó kàn wá níhìn-ín. Gààrí tí a ń yan kò fẹ́ omi, ahọ́n iná kò sì gbọdọ̀ kàn án. Nǹkan kan ní láti dúró láàrin òun àti iná, tí yóò gba ooru lọ́wọ́ iná, tí yóò sì fi í lé oúnjẹ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Agbada ni nǹkan náà. Iṣẹ́ agbada gẹ́lẹ́ ni àwo oníná tí mo ń sọ yìí ń ṣe. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni a ó lò fún ohun tí a ń ṣe lórí rẹ̀, yíyan ni.

Ìyá mi yan gààrí fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Agbada amọ̀ ni mo kọ́kọ́ bá lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ra èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi irin ṣe. A fi amọ̀ mọ ààrò yí agbada náà ká, ẹnu ààrò kan ṣoṣo ni a sì ń ki igi sí. Ìyá mi a jókòó tì í, a mú àfọ́kù igbá lọ́wọ́, a máa da gààrí síhìn-ín, a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ó má baà jó, kí ó má sì di ògìdìgbà. Òun ni ó kọ́ mi bí a ti ń mọ̀ pé agbada ti gbóná tó. A ó ta omi díẹ̀ sí i. Bí omi náà bá kàn dúró tí ó ń gbẹ jẹ́jẹ́, kò tíì tó. Bí ó bá hó ṣìì tí ó sì gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tó. Bí ó bá ń sá kiri bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó já, ó ti gbóná jù, a ní láti fa igi sẹ́yìn. Ìyá mi kò wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìwé ìtọ́nisọ́nà kankan tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo tún rántí ni èéfín. Èéfín a máa kún ahéré náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú ìyá mi a pọ́n bí ẹni tí ó sunkún mọ́jú. Ikọ́ rẹ̀ kò wá láti ọ̀dọ̀ òtútù, kì í sì í lọ pẹ̀lú àgbo. Àwa ọmọ a máa fi ikọ́ náà dá a mọ̀ láti òkèèrè pé ó ti ń bọ̀ láti oko.

Ẹ̀gẹ́ tí a ń yan yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Bùràsíìlì ni àwọn ará Potogí ti gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n gbígbé igi ẹ̀gẹ́ wá nìkan kò tó. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń rin ín, bí a ti ń fún omi rẹ̀ dànù, àti bí a ti ń yan án, ewu ni ó ń fi sẹ́nu. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì gúnlẹ̀ sí Kúbà ní ọdún 1492, àwọn Taíno tí ó ni erékùṣù náà ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe àkàrà pẹrẹsẹ kan tí à ń pè ní casabe. Orí àwo amọ̀ róbótó tí wọ́n ń pè ní burén ni wọ́n ti ń yan án. Àfọ́kù burén wà lára ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ibi tí àwọn Taíno ti gbé rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ àti àṣà casabe sínú ìwé àwọn ogún àjogúnbá ọmọ aráyé, ní orúkọ Kúbà àti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn.

Ìtàn yìí kàn wá ní ọ̀nà méjì. Èkínní, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lucumí níbẹ̀, orí ilẹ̀ tí burén ti wà ṣáájú wọn ni wọ́n balẹ̀ sí. Èkejì, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tí wọ́n gba òmìnira ní Bùràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ni ó gbà pé ọwọ́ wọn wà nínú bí ọgbọ́n rírin, fífún àti yíyan ẹ̀gẹ́ ṣe gbilẹ̀ ní agbègbè wa. Ẹ ò rí i pé agbada ìyá mi ní ìbátan ní òdì kejì òkun.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa àti àwọn Taíno nìkan kọ́ ni. Ní Mẹ́síkò, àwọn Aztec ń yan àkàrà àgbàdo lórí àwo amọ̀ tí wọ́n ń pè ní comalli, èyí tí ó di comal lẹ́nu àwọn ará Sípéènì. Ní Etiópíà, orí àwo amọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní mitad ni wọ́n ti ń da injera, oúnjẹ pẹrẹsẹ tí a fi ìyẹ̀fun teff kíkan ṣe. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan wà láàrin oúnjẹ àti iná.

Báwo ni iná mànàmáná ṣe wá bọ́ sí abẹ́ àwo? Níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago ní ọdún 1893, wọ́n fi yàrá ìdáná kan han àwọn ènìyàn tí gbogbo ohun èlò inú rẹ̀ ń lo iná mànàmáná. Ẹnu ya àwọn tí ó wò ó, ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣì wà. Wáyà tí ó bá gbóná débi pé ó pọ́n kì í pẹ́ jẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1906 ni Albert Marsh, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀rí fún àdàlù nickel àti chromium, tí wáyà rẹ̀ lè pọ́n fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ. Láti ìgbà náà ni ohun èlò ìdáná oníná ti di ohun tí a lè tà fún ará ilé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ lílẹ̀ mọ́ àwo wá. Ní ọdún 1938, Roy Plunkett ṣèèṣì rí ohun tí a mọ̀ sí Teflon níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1954, Marc Grégoire ní ilẹ̀ Fáránsé rí ọgbọ́n tí a fi ń mú un lẹ̀ mọ́ àwo ìdáná. Ohun tí òróró ń ṣe lára agbada láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ni wọ́n wá fi kùn ún.

Ní ọdún 2009, mo lọ lo ọdún kan ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ẹran sísun wù mí. Mo ki ẹran bọ inú ẹ̀rọ ìdáná, mo sì jẹ́ kí iná rẹ̀ le. Kò pẹ́ tí èéfín fi kún yàrá, ni agogo òkè àjà bá figbe ta, ni gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé ilé náà bá jáde sínú òtútù pẹ̀lú aṣọ ìsùn. Ojú tì mí gan-an ni. Ìyá kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà, ni ó gbà mí nímọ̀ràn: “Dókítà, ẹ má sun ẹran nínú ilé onílé mọ́. Ẹ ra àwo tí ń ti ara rẹ̀ gbóná. Èmi ni mo ní kí ẹ rà á.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Òun ni ó bá mi lọ rà á, tí ó sì kọ́ mi bí a ti ń yàn án.

Ohun tí ó kọ́ mi kò ṣòro. Kí a kọ́kọ́ gbé àwo náà wò lọ́wọ́: èyí tí ó nípọn tí ó sì wúwo ni ó ń pín ooru káàkiri, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò jó oúnjẹ láàrin, yóò sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní tútù. Kí bọ́tìnnì tí a fi ń dín ooru kù wà lára rẹ̀. Kí ojú ọ̀nà kékeré wà tí ọ̀rá yóò gbà ṣàn sínú àwokòtò tí ó ṣeé yọ fọ̀, nítorí ọ̀rá tí ó bá dúró lórí àwo ni ó ń di èéfín. Bí àwo náà bá jẹ́ èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ṣíbí igi ni kí a lò, kí a má sì fi í sílẹ̀ lórí iná lófìfo, nítorí bí ooru rẹ̀ bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohun tí a kùn ún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, òórùn rẹ̀ sì lè pa ẹyẹ tí a ń sìn nínú ilé.

Nípa oúnjẹ, mo fi ọgbọ́n ìyá mi kún ti ìyá Ìjẹ̀ṣà. Mo ń jẹ́ kí àwo gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n ó sì ta omi sí i. Mo ń nu ẹran gbẹ kí n tó tẹ́ ẹ, n kì í sì í kó o lé ara wọn. Bí ó bá pọ̀ jù, omi ara rẹ̀ yóò jáde, yíyan yóò sì di bíbọ̀. Wàrà tí a gé pẹlẹbẹ ń dára lórí rẹ̀ púpọ̀, nítorí kì í yọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ń fẹ́ òróró díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dán àkàrà wò níbẹ̀: yóò kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni, nítorí àkàrà ń fẹ́ òróró tí yóò rì sí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè fún bọ̀ọ̀lì ní òórùn èédú tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí kò ní èéfín kò lè ní adùn èéfín.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé ní ọdún 2010, mo gbé àwo náà dání fún ìyá mi. Fólítì 120 ni wọ́n ṣe é fún. 230 ni tiwa. Bí a bá ki irú rẹ̀ bọ ògiri wa bẹ́ẹ̀, agbára tí yóò máa fà yóò súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Mo mọ èyí, mo sì lọ ra ẹ̀rọ tí ń dín iná kù ní ṣọ́ọ̀bù kan. Oníṣọ́ọ̀bù náà fọwọ́ sọ̀yà pé yóò gbé e. Wáàtì 1500 ni àwo mi ń jẹ. Ẹ̀rọ tí ó tà fún mi kò gbé ju 500 lọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èéfín dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ẹ̀rọ náà. Ìyá mi wúkọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ní kò ní èéfín.”

Mo padà ra èyí tí ó bá iná wa mu. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ìyá mi lò ó. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, dòdò kò tíì jinná tí iná fi lọ, ó sì gbé e lọ parí lórí ààrò. Iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1896. Àjọ NEPA dé ní ọdún 1972, PHCN gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2005, ìjọba sì fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2013. Orúkọ ń yí padà, ìyá mi sì ń ṣẹ́ igi. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọdún 2015, ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi í kò ju ẹyọ kan lọ: “Ṣé igi ni ẹ fi ń dáná, mà?” Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Mi ò lè búra pé èéfín nìkan ni ó pa á. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé ṣe okùnfà ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn, n kò sì lè ka iye náà kí n má gbọ́ ikọ́ kan nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí kọ́ wà ní Etiópíà. Ní Addis Ababa, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ń da injera lórí mitad oníná. Amọ̀ náà ni ó ṣì jẹ́. Wọ́n kàn la ojú ọ̀nà sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ wáyà sí i. Omi odò ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú iná wọn. Wọn kò ju àwo ìyá wọn nù, wọn kò sì yí oúnjẹ wọn padà. Èéfín nìkan ni wọ́n mú kúrò. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ni àwọn àgbà wí. Àwo tí ó dára, iná tí ó dúró, àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́: ààrò mẹ́ta wa nìyẹn. Àwọn ìyá wa ti ní ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Àwo sì wà lọ́jà. Iná ni ó kù.