Ìlú Àwọn Ẹyẹ Nínú Ìwé Fágúnwà

Ọdún 1938 ni ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Olùkọ́ ni òǹkọ̀wé náà, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti bá ìwé rẹ̀ pàdé. Nínú àlọ́, àárín ìlú ni Ìjàpá àti ẹranko yòókù ti sábà máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Fágúnwà mú wa wọ inú igbó: níbẹ̀ ni ìlú àwọn ẹyẹ wà, Ògòǹgò ni ọba wọn. Ọdẹ, apẹran, wá di àlejò lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, kò tọ́ kí a ka ìtàn yìí sí eré ọmọdé lásán. Ta ni ó ni igbó ni ó ń bi wá.