Ìdí Tí Sáfà Fi Ń Pa Àtúnṣe Fáìlì Rẹ́

Igbó-Ọrà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, iná ọba ibẹ̀ sì máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, bíi ti ìlú yòókù ní Ìbàràpá. Ẹni tó bá ń tọ́jú sáfà kékeré níbẹ̀ kò ní pẹ́ bá ìṣòro kan pàdé. Ó ṣí fáìlì ìṣètò, ó yí ìlà kan padà, ó fi í pamọ́, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Iná lọ, iná dé, sáfà tún tàn, àtúnṣe ti pòórá.

Kì í sábà jẹ́ pé olè wọlé. Sọ́fítíwíà tó wà lórí ẹ̀rọ náà ló tún fáìlì kọ.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni /etc/resolv.conf lórí Linux. Inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń wo sáfà tí yóò béèrè àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan lè kọ 8.8.8.8 ti Google síbẹ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kó sì padà, kí NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wá kọ ohun tí rútà fún un lé e lórí. Lórí Ubuntu, láti ẹ̀dà 18.04, orúkọ lásán ni fáìlì ọ̀hún: ó ń tọ́ka sí òmíràn lábẹ́ /run, tí 127.0.0.53 wà nínú rẹ̀. Inú mẹ́mórì ni /run ń gbé; bí ẹ̀rọ bá kú, ó lọ nìyẹn. Àṣẹ ls -l /etc/resolv.conf máa ń fi ìtọ́ka náà hàn, ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì sì sábà máa ń dárúkọ ètò tó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á, ó sì dunni. Ibi tó yẹ kí àtúnṣe wọ̀ ni ìlà DNS= nínú /etc/systemd/resolved.conf, tàbí inú NetworkManager fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ nmcli.

Àsìkò tí àtúnṣe ń pòórá ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ètò kan ń kú, ó ṣeé ṣe kó máa kọ ìṣètò rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Bí Transmission ṣe ń ṣe sí settings.json nìyẹn, nítorí náà, ẹ pa á ná kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì náà. Bó bá jẹ́ ní ìṣẹ́jú 30 sí 30, ẹ wo Puppet, ètò tó ń dá ìṣètò sáfà padà sí bí wọ́n ṣe ní kó wà. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì nínú WordPress, ẹ wo .htaccess: ohun tó wà láàárín BEGIN WordPress àti END WordPress, WordPress ló ni ín. Lórí cPanel, httpd.conf ni wọ́n máa ń tún kọ látòkèdélẹ̀. Àwọn fáìlì include ni ibùgbé àtúnṣe.

Bí àsìkò kò bá tú àṣírí, auditctl -w pẹ̀lú orúkọ fáìlì yóò máa ṣọ́ ọ, ausearch -f yóò sì dárúkọ ètò tó kọ ọ́ gan-an.

Àwọn kan máa ń fi chattr +i ti fáìlì pa. Kò dára. Ètò tó fẹ́ kọ ọ́ yóò kàn máa kùnà, ẹni tó bá gba sáfà náà lẹ́yìn kò sì ní mọ ohun tó fà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó ta lsattr sí fáìlì náà. Bí lẹ́tà i bá jáde, chattr -i ni yóò fi tú u.